Ọmọ mi fẹ́ máa gbẹjọ́rò fún àwọn tí wọ́n fipá bá lòpọ̀. Ẹ̀yin ará Okun, kí lẹ rí sí i?

BàbáÌbejì_Ìsánlú

Okun o, gbogbo ilé.

Àbígbẹ̀yìn mi obìnrin wà ní ọdún kẹrin nínú ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì Ìlọrin. Nígbà tó wálé fún ọlidé, ó ní òun ti mọ ohun tí òun fẹ́ fi òfin ṣe. Èmi ti rò pé báńkì ni, tàbí kó wọ iṣẹ́ ìjọba títí yóò fi di adájọ́. Ó ní rárá, àwọn obìnrin àti ọmọdé tí wọ́n fipá bá lòpọ̀, tí wọn ò lówó lọ́yà, ni òun fẹ́ dúró fún. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á máa dúnkookò mọ́ ọmọ náà, pé kò ní rówó jẹun, pé àwọn ọkùnrin á máa sá fún un. Èmi ò sunkún o, ṣùgbọ́n mi ò tíì fọwọ́ sí i.

Ẹ ṣàlàyé fún mi. Ṣé ènìyàn lè fi iṣẹ́ yìí jẹun lọ́dọ̀ wa níbí, kì í ṣe ní Èkó tàbí Àbújá? Kí sì ni lọ́yà bẹ́ẹ̀ ń ṣe gan-an, nígbà tó jẹ́ pé ìjọba ló ń pe ọ̀daràn lẹ́jọ́?

ỌmọYàgbà_Ìlọrin

Dádì, ẹ kú ìrònú. Ẹ̀kọ́ òfin ni èmi náà ń kọ́. Ẹ má jẹ́ kí mọ́mì rò pé ọ̀la ló máa bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn yunifásítì, ilé ẹ̀kọ́ àwọn amòfin ṣì wà níwájú, lẹ́yìn náà NYSC. Nínú NYSC, ẹgbẹ́ Legal Aid wà fún àwọn amòfin tó ń sin ìlú. Wọ́n máa ń lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n àti àgọ́ ọlọ́pàá láti ran àwọn tí kò lówó lọ́wọ́. Níbẹ̀ ló ti máa mọ̀ bóyá iṣẹ́ yìí bá ọkàn rẹ̀ mu tàbí kò bá a mu. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan wọ ibẹ̀ pẹ̀lú ìtara, wọ́n jáde wá wọ báńkì. Àwọn kan ò sì jáde mọ́.

Lọ́yà_Kàbà

Bàbá Ìbejì, ẹ kú àmójútó ọmọ. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe, Èkó ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó padà wálé. Ìbéèrè yín kejì ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ni kì í yé àwọn èèyàn.

Òótọ́ ni pé ìjọba ló ń pe ẹjọ́. Apá 211 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 gbé agbára yẹn fún agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lẹ́tọ̀ọ́ sí lọ́yà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n fipá bá lòpọ̀, ẹlẹ́rìí ni lójú kóòtù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́yà ìjọba tó ń ṣe ẹjọ́ náà ní fáìlì jọ síwájú; nígbà mìíràn, àárọ̀ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ gan-an ló máa kọ́kọ́ rí ojú ọmọ náà. Àlàfo ibẹ̀ yẹn ni àwa ń dí.

A máa ń fara hàn ní kóòtù láti ṣọ́ ẹjọ́ fún ẹni náà, ohun tí àwọn lọ́yà ń pè ní watching brief. A ò lẹ́tọ̀ọ́ láti bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè. Ṣùgbọ́n adájọ́ á kọ orúkọ wa sílẹ̀, lọ́yà ìjọba á sì mọ̀ pé ẹnìkan wà lẹ́yìn ọmọ náà. Ìyókù iṣẹ́ wà níta kóòtù. Màá mú ọmọ lọ wo inú kóòtù ní ọjọ́ tí wọn ò jókòó, kó mọ ibi tí òun máa dúró sí, kó mọ ibi tí ẹni tó ṣe é máa dúró sí. Màá kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ní Lọ́kọ́jà nígbà tí fáìlì bá pẹ́ jù lọ́dọ̀ wọn. Kóòtù májísíréètì kò lágbára láti gbọ́ irú ẹjọ́ yìí parí, kóòtù gíga ló ni ín. Láàárín ìgbà tí ọlọ́pàá gbé ẹni náà dé iwájú májísíréètì àti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ kọ ìwé ẹ̀sùn sí kóòtù gíga, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń kú. Kì í ṣe pé wọ́n jẹ̀bi tàbí wọn ò jẹ̀bi o. Ẹjọ́ náà ò kàn gbérí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfin díẹ̀. Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún láti ìgbà tí a wà lábẹ́ Àríwá, kò ka ọkùnrin tàbí ọmọkùnrin mọ́ ẹni tí a lè fipá bá lòpọ̀. Ó tún sọ pé bí ìyàwó bá ti bàlágà, ohun tí ọkọ rẹ̀ bá fipá ṣe sí i kì í ṣe ìfipábánilòpọ̀. Òfin VAPP, òfin tó ka ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015, yí èyí padà. Ó ka gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fipá wọ ara ènìyàn mọ́ ọn, ó sì dáàbò bo ọkùnrin àti obìnrin. Ẹ̀wọ̀n gbére ni ìjìyà rẹ̀. Tí wọ́n bá pawọ́pọ̀ ṣe é, ẹ̀wọ̀n kò gbọdọ̀ dín sí ọdún 20, kò sí owó ìtánràn tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀. Àbújá nìkan ni òfin yẹn dé, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti ṣe tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Kogí tiwa ti ṣe tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ṣì wà tí wọn ò tíì fọwọ́ kan ìwé òfin náà rí. Mo máa ń gbé ẹ̀dà rẹ̀ kan dání lọ sí àgọ́.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀

Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́wọ́ tiwa, torí tí àwa bá bà á jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ò ní rí nǹkan gbé lọ sí kóòtù.

Kí wọ́n gbé ẹni náà wá sí ọsibítù ní kíá, kí ó tó wẹ̀, kí ó tó fọ aṣọ. Oògùn tí kì í jẹ́ kí kòkòrò HIV ríbi jókòó sí gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì máa fi lò ó, kò gbọdọ̀ já sáàárín. Oògùn tí kì í jẹ́ kí oyún dúró náà wà, bó bá ṣe yá tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, kò sì gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ márùn-ún. Aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ dì í sínú àpò bébà. Ẹ má dì í sí ọ̀rá, ọ̀rá ń mú un làágùn, ẹ̀rí inú rẹ̀ á sì jẹrà.

Àwọn ìyá máa ń wẹ ọmọ mọ́ tónítóní kí wọ́n tó gbé e wá. Ìfẹ́ ló ń jẹ́ kí wọ́n ṣe é, mi ò lè bá wọn wí. Ẹ ṣáà máa sọ fún àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, ní ìpàdé ìdílé. Tó bá sì ti wẹ̀ tán, kí wọ́n ṣì gbé e wá. Tí wákàtí 72 bá ti kọjá, kí wọ́n ṣì gbé e wá.

Àwọn ibòmíràn ń sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí nọ́ọ̀sì tó fọwọ́ kan aláìsàn. Kò yẹ bẹ́ẹ̀ rárá. Ìtọ́jú ló ṣáájú.

Àgbà_Ìjùmú

Mo kí gbogbo yín. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti jókòó sí ọ̀pọ̀ ìpàdé ẹbí. Mi ò ní kí ọmọ má ṣe iṣẹ́ tó wù ú. Ṣùgbọ́n ìlú wa kéré. Ẹni tó hùwà náà lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń kọrin nínú akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Tí wọ́n bá gbé e dé kóòtù, gbogbo ọjà á gbọ́. Ọdún á máa gorí ọdún, ọmọ á ti tó lọ sílé ọkọ, wọ́n á ṣì máa fi tọ́ka sí i. Àwọn bàbá wa máa ń pe ìdílé méjèèjì jọ, wọ́n á bu ìtánràn, wọ́n á lé ẹni náà kúrò nílùú. Kí ni lọ́yà lè ṣe tó ju ìyẹn lọ?

Ìyá_kan_ní_Bùnú

Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ọmọ tèmi.

Wọ́n gbé owó wá, ẹbí bàbá rẹ̀ gbà á. Wọn ò bi ọmọ, wọn ò bi èmi. Wọ́n ní ẹni náà ti kúrò nílùú. Kò pẹ́ tó padà dé, iwájú ilé wa ló ń gbà lọ sóko. Ọmọ mi ò lọ sílé ìwé mọ́, torí ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń gbà. Nígbà tí mo fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n ní ṣebí a ti gbowó, kí ni mo tún ń wá.

Obìnrin lọ́yà kan ló dúró tì mí. Ó sọ fún wọn pé owó tí ẹbí gbà kò pa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní ọ̀tá ilé ọkọ mi. Ẹjọ́ ti dé kóòtù gíga. Wọ́n ń sún un síwájú, wọ́n ń sún un síwájú. Nígbà tí ọmọ mi ti jẹ́rìí tán, wọ́n gbé adájọ́ lọ sí ibòmíràn, wọ́n ní kí a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún ní láti sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́yà yẹn jókòó tì í ní gbogbo òru tó ṣáájú ọjọ́ náà, wọn ò sọ̀rọ̀ ẹjọ́ rárá, irun ló ń bá a dì.

Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ṣe é.

Ọlọ́pàá_Àná

Mo ti fẹ̀yìn tì, mo lè sọ̀rọ̀ báyìí. Ìyá ní Bùnú, ẹ pẹ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí fáìlì ti ń sọnù. Ọlọ́pàá tó ṣe ìwádìí ni ẹlẹ́rìí tó ṣe pàtàkì jù lẹ́yìn ọmọ náà àti dókítà. Wọ́n lè gbé e kúrò ní Kàbà lọ sí ìpínlẹ̀ tó jìnnà, ọjọ́ kóòtù á pé, kò ní sẹ́ni tó máa fún un lówó ọkọ̀. Adájọ́ á dúró dè é títí, á sú u, á tú ẹni náà sílẹ̀. Lọ́yà tó bá mọṣẹ́ á ti gba nọ́ńbà ọlọ́pàá náà láti ọjọ́ kìn-ín-ní, á máa pè é bí ọjọ́ bá ti ń súnmọ́. Mo mọ àwọn lọ́yà tó fi owó ara wọn wọkọ̀ fún ọlọ́pàá. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ẹ má sanwó fún kíkọ ẹ̀sùn sílẹ̀ ní àgọ́ kankan. Ọ̀fẹ́ ni.

Lọ́yà_Kàbà

Ìyá wa ní Bùnú, mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè kọ èyí. Ọlọ́run á dúró ti ọmọ náà.

Bàbá Ìjùmú, ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ohun tí a lè gbá dànù. Kíkéré tí ìlú wa kéré ni ẹrù tó wúwo jù nínú iṣẹ́ yìí, ó wúwo ju òfin fúnra rẹ̀ lọ. Ní Èkó, ọmọ lè ṣí lọ sí àdúgbò mìíràn kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ ọ́n. Ilé ìtọ́jú Mirabel, tó ṣí ní 2013 nínú ọsibítù yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, ń tọ́jú ara wọn, ó ń tọ́jú ọkàn wọn, ó sì ń gba ẹ̀rí sílẹ̀ lójú kan náà. Ọmọ Mọ̀pà tàbí Ìyàrà, ọsibítù lọ́tọ̀, àgọ́ ọlọ́pàá lọ́tọ̀, kóòtù lọ́tọ̀, owó ọkọ̀ sí gbogbo rẹ̀. Ibi gbogbo tó bá dé, á tún sọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ fún àjòjì.

Ṣùgbọ́n bàbá, ẹ wo ohun tí ìpàdé ẹbí ń ṣe. Ta ni wọ́n ń san owó ìtánràn fún? Ẹni tí wọ́n lé kúrò nílùú, ìlú wo ló lọ, ta ló wà níbẹ̀ tí yóò mọ̀ ọ́n? Ẹni tó bá gbowó kí ó má baà jẹ́ kí ẹjọ́ ọ̀daràn lọ síwájú, òun fúnra rẹ̀ ti ṣẹ̀ sófin. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn olórí ẹbí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mi ò kì í fi halẹ̀ mọ́ wọn. Mo tún máa ń lọ sọ́dọ̀ ọba àti àwọn ìjòyè, mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ọlá wọn dáàbò bo ìyá ọmọ náà kí ẹnikẹ́ni má lé e kúrò nílé ọkọ, kí wọ́n sì fi ti ìdájọ́ sílẹ̀ fún kóòtù. Àwọn kan ti gbà, wọ́n sì dúró lórí rẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ̀yin àgbà lè ṣe nìyẹn, bàbá, lọ́yà kankan ò lè bá yín ṣe é.

Ti ìtìjú tí ẹ sọ, òfin ti dí ọ̀nà díẹ̀ nínú rẹ̀. Òfin ẹ̀rí ti 2011, ní apá 234, sọ pé lọ́yà olùjẹ́jọ́ kò gbọdọ̀ bi obìnrin náà nípa ọkùnrin mìíràn tó ti bá lò pọ̀ rí, àfi tí adájọ́ bá gbà á láàyè. A lè bẹ kóòtù pé kí wọ́n lé àwọn òǹwòran jáde, kí wọ́n má sì lo orúkọ ọmọ náà gan-an nínú ìwé ẹjọ́. Adájọ́ kì í sábà ṣe é láìjẹ́ pé ẹnìkan bèèrè. Ẹ rí i báyìí pé ó yẹ kí ẹnìkan wà níbẹ̀ tí yóò bèèrè.

Àgbà_Ìjùmú

Mo gbọ́. Ti owó yẹn, mi ò ní jiyàn, mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbà á tí ọmọ ò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tó ń pẹ́ yìí ń bí mi nínú. Nígbà tí òṣìṣẹ́ kóòtù yanṣẹ́ lódì ní 2021, láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹfà, gbogbo kóòtù ló tì pa. Kí la fẹ́ kí ọmọ tó ń dúró de ìdájọ́ ṣe?

Lọ́yà_Kàbà

A máa ń pe ọmọ náà lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bàbá. Kò sí ohun tí a lè sọ nípa ẹjọ́, a ó ṣáà pè é. Àwọn tí ẹnikẹ́ni ò pè nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ò padà sí kóòtù mọ́.

BàbáÌbejì_Ìsánlú

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó tì mí, mò ń kà á sí i létí. Ó ní kí n bi yín: owó dà?

Lọ́yà_Kàbà

Mọ́mì, ẹ kú àníyàn. Àwọn tí mò ń dúró fún nínú ẹjọ́ yìí kì í san nǹkan kan fún mi. Ìwé ilẹ̀, ìwé àdéhùn, fífi orúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ọ̀rọ̀ ogún, àwọn wọ̀nyí ló ń bọ́ mi, mi ò sì kórìíra wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń gba owó oṣù lọ́dọ̀ àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba, ṣùgbọ́n owó olùrànlọ́wọ́ ló ń gbé àwọn àjọ yẹn ró. Bí olùrànlọ́wọ́ bá dáwọ́ dúró, owó oṣù náà dúró. FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin amòfin, ti wà ní Nàìjíríà láti 1964, ọmọ yín á rí ìyá àti ẹ̀gbọ́n níbẹ̀. Àjọ Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ náà ń gba lọ́yà síṣẹ́. Kò ní lówó bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ epo. Á jẹun.

Ọ̀nà kan tún wà tí mi ò tíì sọ. Ìlànà ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 2009 gba ẹnikẹ́ni láàyè láti pe ẹjọ́ nítorí ẹlòmíràn tàbí nítorí ará ìlú, kódà bí ọ̀rọ̀ náà ò bá kàn án gan-an. Ìyẹn ni wọ́n fi ń pe ìjọba àti ọlọ́pàá fúnra wọn lẹ́jọ́. Òṣèré Dorothy Njemanze àti àwọn obìnrin mẹ́ta pe Nàìjíríà lẹ́jọ́ ní kóòtù ECOWAS, ti ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, torí bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń kó obìnrin lójú títì Àbújá tí wọ́n ń pè wọ́n ní aṣẹ́wó, tí wọ́n sì ń lù wọ́n. Ní oṣù kẹwàá 2017, kóòtù dá mẹ́ta nínú wọn láre, ó ní kí ìjọba san mílíọ̀nù 6 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn lọ́yà tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa yìí ló gbé ẹjọ́ náà dé ibẹ̀.

Ti ìdúnkookò, mi ò ní purọ́ fún yín, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Kò gbọdọ̀ máa dá rìn lọ sí abúlé olùjẹ́jọ́. Kó má sì dá gbé ohun tó ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ inú ẹjọ́ wọ̀nyí ń wọ ara ẹni, wọ́n ń báni dé orí bẹ́ẹ̀dì. Kó ti kékeré wá ẹni tí yóò máa bá sọ̀rọ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn tó bá ṣeé ṣe. Mo rí àwọn tó já fáfá jù mí lọ tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí wọn ò sinmi rí.

Ọkọ ńkọ́? Ọkọ mi ló ń wa mọ́tò gbé mi lọ sí Lọ́kọ́jà.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀

Mọ́mì, ìwádìí tí ìjọba àti UNICEF ṣe ní 2014 sọ pé nínú ọmọbìnrin mẹ́rin ní Nàìjíríà, ọ̀kan ti rí ìwà ipá ìbálòpọ̀ kó tó pé ọdún 18. Nínú ọmọkùnrin mẹ́wàá, ọ̀kan. Àwọn tí mò ń rí ní wọ́ọ̀dù kì í ṣe àjòjì, ọmọ Yàgbà ni wọ́n, ọmọ Ìjùmú, ọmọ Bùnú. Èmi fẹ́ kí ọmọ yín padà wálé.

BàbáÌbejì_Ìsánlú

Ìyá rẹ̀ ní kí ó parí ilé ẹ̀kọ́ àwọn amòfin ná. Èmi ti fọwọ́ sí i. Lọ́yà, ṣé ó lè wá bá yín jókòó ní ọ́fíìsì nígbà ọlidé gígùn, kó máa rí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ?

Lọ́yà_Kàbà

Kó máa bọ̀. Àpò ìwé ló máa kọ́kọ́ máa gbé, á sì máa kọ ohun tí adájọ́ bá sọ sílẹ̀. Kò ní bá ọmọdé kankan sọ̀rọ̀ ẹjọ́ títí tí mo bá fi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìyá_kan_ní_Bùnú

Lọ́yà, lọ́yà tó ń dúró fún wa ti lọ bímọ. Ọjọ́ kóòtù wa tún ti súnmọ́, mi ò mọ ẹni tí mo lè pè. Ṣé mo lè kọ nọ́ńbà ẹjọ́ náà síbí?

Lọ́yà_Kàbà

Ẹ má kọ ọ́ síbí o, mọ́mì, ẹ má kọ orúkọ ọmọ, ẹ má sì dárúkọ abúlé yín. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àpótí mi, èmi nìkan ni mo máa rí i. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n dá àti orúkọ lọ́yà ìjọba tó ń ṣe ẹjọ́ náà. Màá pe lọ́yà yín lálẹ́ òní láti gba ààyè lọ́wọ́ rẹ̀, màá sì wà ní kóòtù lọ́jọ́ náà.